Mo Ní Kí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Un

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Títílayọ̀, ọmọ aládùúgbò mi ní Akrọ́n, ní Àjàṣẹ́ níbí, wá kí mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní kí n wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ yín. Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ dáa?" Mo ní, "Ta ló rán ọ? Ṣé bàbá rẹ ni, tó fi ọdún méjì gbáko jókòó ní kíláàsì mi, tí kò mọ ìlọ́po mẹ́jọ títí tó fi lọ?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ohun tó béèrè gùn. Mo ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé.

Mo mọ̀ pé tí mo bá ní kí n máa sọ ọ́ lójú rẹ̀, ẹkún ò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìkì, kálàmù mi, tí mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, gbogbo rẹ̀ nídìí Faransé àti ìṣirò. Iṣẹ́ náà dùn, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nínú rẹ̀ tí mo ṣẹ̀, tí mo sì tún purọ́ mọ́ ọn. Ìwọ Títílayọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí, ní Àjàṣẹ́ yìí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Dèbórà ni orúkọ mi. Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, là ń sọ nílé, a ń bá ará àdúgbò sọ Gùn, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti wọ ọgbà ilé-ìwé, Faransé nìkan ló kù. Ẹni tó bá la ẹnu sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á gbé sínyàlì kọ́ ọ lọ́rùn. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù ni sínyàlì tiwa, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Ó ń rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ máa ṣọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí tó fi máa gbọ́ ẹlòmíì tó sọ Nàgó tàbí Gùn, á wá gbé e kọ́ ìyẹn lọ́rùn. Ẹni tó bá kù sí lọ́rùn nígbà tí aago ìparí bá lù, á jẹ ẹgba, á sì gbá ọgbà. Èmi náà gbé e kọ́ rí. Mo sunkún délé, bàbá mi ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kọ́ Faransé." Mo sì kọ́ ọ.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gba àlàyé. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, ìjọba fún mi ní ìwé. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń pẹ́ kó tó dé, tó bá dé tán kì í pẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Mùsé Gàbíríẹ́lì, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Gàbíríẹ́lì, ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Gùn ni, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ Gùn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, ẹfun ò sì gbọdọ̀ kan án. Odidi ọdún kan ló fi mí sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, lẹ́yìn kíláàsì tirẹ̀, kí n máa wò ó. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, á ní kí n bọ́ síwájú pátákó, kí n máa kọ a, b, c. Á gbé rúlà, á wọn ẹsẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, á nu gbogbo rẹ̀ nù. "Ẹ tún un kọ, Mademoiselle." Bó ṣe ń pe èmi omidan nìyẹn. Ìgbà kan wà tí mo kọ ìlà kan náà títí ẹfun fi tán lọ́wọ́ mi, tí mo ń fi èékánná kọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, "Èékánná yín tún tẹ̀ sápá òsì."

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ọmọ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wàláà, pátákó dúdú kékeré tí wọ́n fi ń kọ̀wé. Mùsé á béèrè ọ̀rọ̀. Á kan rúlà mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan: gbogbo wọn á kọ. Á tún kàn án: gbogbo wàláà á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Á wá máa rìn láàrin wọn, "Kò dáa. Kò dáa. Ó dáa." Ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù, á dìde, á kà á sókè, kíláàsì á sì pàtẹ́wọ́ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta, pà-pà-pà. Ìpàtẹ́wọ́ yẹn dùn mọ́ àwọn ọmọ ju ẹran lọ.

Ní ọjọ́ kan, mo rí ọmọ kan tó ń sunkún, mo tẹ̀ síwájú kí n bi í pé kí ló ṣe é. Mùsé fi rúlà dá mi dúró. Ó ní kí n jáde. Nígbà tó bá mi níta, ó ní, "Mademoiselle, wàláà ni kí ẹ máa wò. Ẹ má wojú. Ojú ọmọ á tàn yín jẹ, wàláà ò lè tàn yín. Tí ẹ bá ń wo ojú àádọ́ta ọmọ, ìgbà wo lẹ máa kọ́ wọn níwèé?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mùsé." Mi ò lè bú u, ẹni tó kọ́ mi jẹun ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yege, àwọn òbí ń ti Wàǹdó àti Jẹ̀gàn-Kpèvi gbé ọmọ wá bá a. Nígbà tó yá, mo di olùkọ́ tó ń wo wàláà.

Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn Faransé ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, ohun tó ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Futur proche ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ "lọ" ti èdè wọn, wọ́n á gbé e síwájú ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe. Je vais manger, mo fẹ́ jẹun. Tu vas dormir, o fẹ́ sùn. Àwọn olùkọ́ míì á kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ lórin bí ayékòótọ́. Èmi, mo máa ń dúró de òjò. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, màá ní kí wọ́n gbójú sí fèrèsé. "Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀?" Gbogbo wọn á pariwo: "Il va pleuvoir!" Òjò fẹ́ rọ̀. Òjò á sì rọ̀ lóòótọ́, wọ́n á máa wò mí bíi pé èmi ni mo pè é. Bísítọ̀ kan, alábẹ̀wò ilé-ìwé láti ìjọba, jókòó sí kíláàsì mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Orí mi wú.

Ọdún kejìlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni Rafíátù wọ kíláàsì mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ọmọ Mùsùlùmí láti Jẹ̀gàn-Kpèvi. Ìyá rẹ̀ kú níbi ìkúnlẹ̀ rẹ̀, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, kú lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló wà. Bẹ́ǹṣì kẹta lápá fèrèsé ló ń jókòó sí. Kì í pariwo. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fi wàláà bo ẹnu. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé débi pé Mùsé Gàbíríẹ́lì fúnra rẹ̀ wò ó, kò rí ohun tó máa wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni, lásìkò òjò, aago ò tíì lù. Mo ń kọ déètì sójú pátákó, ẹ̀yìn mi wà sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn Rafíátù lẹ́yìn mi. Ó sọ ọ́ ní Nàgó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Madámù, ìyá àgbà mi ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀."

Mi ò yíjú. Mo ní, "En français," ìyẹn ni pé kó sọ ọ́ ní Faransé.

"Madámù, wọ́n fẹ́ mú mi..."

"En français, mo wí! Ìwọ náà, Rafíátù?" Mo na ọwọ́ sí ìṣó ara ògiri, mo mú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù yẹn, mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Mo ní, "Tí o bá ti mọ Faransé rẹ̀, wá sọ ọ́ fún mi." Ó wá Faransé rẹ̀ tì. Ó lọ jókòó.

Áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣé ẹ rí i pé mo sọ ọ́ bó ṣe rí? Mi ò bù ú kù.

Aago lù, àwọn ọmọ wọlé. Ojú ọ̀run ti ń ṣú, mo ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ mi nìyí. Mo ṣàlàyé, a wo fèrèsé, a pariwo. Mo wá ní kí kálukú kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Mo kan rúlà. Wọ́n kọ. Mo tún kàn án. Wàláà lọ sókè. Mo ń rìn láàrin wọn: kò dáa, kò dáa, ó dáa, kò dáa. Mo dé bẹ́ǹṣì kẹta.

Ohun tí Rafíátù kọ nìyí: "Demain je vais partir. Ma grand-mère va pleurer." Lọ́la, mo máa lọ. Ìyá àgbà mi máa sunkún.

Inú mi dùn! Gbólóhùn kan ni mo béèrè, ọmọ gbé méjì wá. Mo wá àṣìṣe títí, mi ò rí. Gbogbo àmì tó yẹ kó wà lórí ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní kó dìde, kó kà á sókè. Ó dìde, ó kà á. Egungun màlúù tó wà lọ́rùn rẹ̀ ń kan wàláà, ó ń dún kò, kò, bó ṣe ń kà á. Mo kígbe pé, "Très bien, Rafíátù!" Ó dáa gan-an. Mo yọ sínyàlì lọ́rùn rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, láti fi yẹ́ ẹ sí. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Pà-pà-pà.

Kò jókòó. Ó dúró, ó ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí, torí mo ní láti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kó jókòó. Wàláà ẹlòmíì ni mo ti ń wò. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, ó ti fi àkísà tútù nù ún nù.

Lọ́jọ́ kejì, àyè rẹ̀ ṣófo. Òjò rọ̀, mo ní òjò ni. Lọ́jọ́ kẹta, mo pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ń jókòó tì í dìde, ó dá mi lóhùn ní Faransé tó mọ́: "Elle est partie, Madame." Ó ti lọ.

Bí aago ṣe lù, mo gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwa, ó di Jẹ̀gàn-Kpèvi. Mo bá ìyá àgbà Rafíátù lórí ẹní nínú àgbàlá. Ó dìde, ó gbé omi fún mi, ó ní kí n jókòó. Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ló mú obìnrin kan wá, oníṣòwò tó ń gbé ní Gabọ́n, pé kó mú ọmọ lọ sọ́hùn-ún, kó máa bá a ṣiṣẹ́ ilé, kó sì máa fi í sí ilé-ìwé. Ìyá àgbà ò gbà. Wọ́n jà sí i. Nígbà tó rí i pé agbára òun ò ká wọn, ó ní kò sẹ́ni tó máa mú ọmọ náà lọ àyàfi tí olùkọ́ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà gbà. Ó ní ó dáa, tí Madámù bá wá kí ilẹ̀ tó ṣú, tó ní kí ọmọ má lọ, ọmọ ò ní lọ.

Ìyá náà ní, "Mo ní kó lọ sọ fún yín láàárọ̀. Ó sì lọ. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, èmi àti ọmọ, a ń wo títì. Gbogbo sẹ́míjàn tó bá dúró, á dìde. Mo ní, 'Ṣé o sọ fún wọn ṣá?' Ó ní òun sọ, pé òun tiẹ̀ sọ ọ́ ní Faransé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Madámù, ẹ dákun, ṣé ó sọ fún yín?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà, orí ọmọ sì ti wọ́. Obìnrin yìí jókòó níwájú mi, kò bú mi, kò pariwo, ó kàn fẹ́ mọ̀. Ìtìjú mú mi, mo gbé omi tó fún mi sílẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde nìyí: "Ìyá, Faransé rẹ̀ ò já gaara. Ohun tó sọ ò yé mi."

Ó mi orí. Ó ní, "Háà. Kò sọ ọ́ dáadáa." Ó tún un sọ, bíi pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọmọ ò sọ ọ́ dáadáa." Mo dìde, mo ní ó dàárọ̀, mo lọ sílé mi.

Mo sọ ti wàláà fún Mùsé Gàbíríẹ́lì, mi ò sọ ti irọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Gbólóhùn náà pé àbí kò pé?" Mo ní, "Ó pé, Mùsé." Ó ní, "Ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín nìyẹn." Ó yíjú sí fèrèsé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo yọ egungun yẹn lára ìṣó, mo dáná sun ún lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó pẹ́ kó tó jó. Wọ́n fi ẹjọ́ mi sùn, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé abúlé kan ní ọ̀nà Pobẹ̀, mo lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Mi ò bínú. Ìyà tó kéré jù nìyẹn.

Láti ìgbà náà, kí n tó gbé ẹfun láàárọ̀, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá wojú ọmọ kọ̀ọ̀kan, màá béèrè pé, "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé?" Èdè tó bá wù ú ni kó fi dá mi lóhùn. Tí ó bá jẹ́ Fọ̀n tí mi ò gbọ́ dáadáa, màá wá ẹni tó gbọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí lórúkọ, wọ́n ní Madámù Kí-ló-ń-ṣẹlẹ̀-nílé ti dé. Ẹ máa rín mi o. Mo gbọ́ ti ebi níbẹ̀, mo gbọ́ ti ìyá tó ń ṣàìsàn, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni mo sáré lọ bá àwọn tó fẹ́ mú ọmọ lọ, tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn tí mo ní ọmọ ò ní lọ, ọmọ ò sì lọ. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí mi ò padà dé. Lọ́dọọdún, màá sọ fún ara mi pé lọ́dún yìí, mo fẹ́ lọ bá ìyá àgbà Rafíátù, mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Mo ń fẹ́ lọ, mo ń fẹ́ lọ, títí wọ́n fi ní ó ti kú.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gègé tí wọ́n ń tì bọ inú tàdáwà ni ọmọ fi ń kọ̀wé, gbogbo ìka wọn á dúdú. Bíìkì dé, ọwọ́ mọ́, ìkọ̀wé bàjẹ́. Pátákó, àwa fúnra wa là ń gún èédú pọ̀ mọ́ ewé láti kùn ún; nígbà tó yá, wọ́n ń gbé èyí tí wọ́n ti kùn wá. Wàláà òkúta tó ń fọ́ di ti ike. Ní ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, ọmọ máa ń fi pọ́tábù, fóònù alágbèéká, ya àwòrán ohun tí mo kọ sójú pátákó, á ní òun ti kọ ọ́. Mo ní, "Ojú pọ́tábù ló ti kọ ọ́, orí rẹ ńkọ́?" A jọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì, mo kó ẹfun tó kù sílẹ̀ sínú àpò, mo gbé e wálé, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Mo lọ kí Mùsé Gàbíríẹ́lì kó tó kú. Àrùn ti mú apá kan ara rẹ̀. Faransé ti lọ lẹ́nu rẹ̀, Gùn nìkan ló kù, mo sì ń gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó béèrè pé, "Ọmọ yẹn, ọmọ oníwàláà, ṣé ó ti dé?" Mo ní kò tíì dé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ojú kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé òun náà gbé e kiri ní gbogbo ọdún yẹn.

Títílayọ̀, tí o bá ń kà á dé ibí, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ kò pọ̀. Tí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ṣe é. Wo wàláà o, torí ọmọ tí kò mọ̀wé, ayé á fojú rẹ̀ gbolẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o gbójú kúrò lára wàláà, kó o wo ẹni tó gbé e sókè. Wọ́n ní igi gànràn-gànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọmọ ló gbé igi náà wá sí iwájú mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, èmi sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló fà á tí mo fi lè kọ ìyókù.

Lásìkò òjò tó kọjá yìí, mo lọ sí ọjà Wàǹdó lọ ra bọ́tìnnì. Mo dé ìsọ̀ kan, obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Ẹ kú àtijọ́, Madámù." Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyá. Ojú rẹ ò yé mi o." Ó ní, "Bẹ́ǹṣì kẹta lápá fèrèsé."

Rafíátù ni! Òun ló gbé àpótí fún mi tí mo fi jókòó. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlógójì, àpá iná wà lápá rẹ̀ òsì. Ó ní ọdún méjì nìyí tí òun ti dé. Ilé-ìwé tí wọ́n ṣèlérí, kò rí i rí. Ìkòkò ló fọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló pọ̀n, títí tó fi dàgbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń to bọ́tìnnì bó ṣe ń sọ ọ́. Ó gbé bọ́tìnnì sílẹ̀. Ó ní, "Madámù, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ẹ má bínú."

Mo ní, "Béèrè."

Ó ní, "Ọdún kejì tí mo débẹ̀, ìyá àgbà fi ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì rán sí mi. Wọ́n ní ẹ wá sílé, pé ẹ ní Faransé mi ò já gaara. Wọ́n ń sunkún nínú rẹ̀. Wọ́n ní, 'Rafíátù, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ dáadáa?' Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń tún un sọ. Demain je vais partir. Ma grand-mère va pleurer. Mo ń wá ibi tí mo ti ṣì í sọ. Mi ò rí i. Madámù, ibo ni àṣìṣe yẹn wà?"

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo bú sẹ́kún láàrin ọjà. Mo ní, "Kò sí. Rafíátù, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó dáa, ó já gaara, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mi ò wojú rẹ. Irọ́ ni mo pa fún ìyá àgbà, ìtìjú ló mú mi. O sọ ọ́ dáadáa."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sì bú mi. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó dìde, ó fi aṣọ bo ìsọ̀ rẹ̀, ó pe sẹ́míjàn méjì.

Inú àgbàlá ní Jẹ̀gàn-Kpèvi ni wọ́n sin ìyá àgbà sí, níbi tí mo ti bá a lórí ẹní lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ojú rẹ̀. Rafíátù ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn." Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti wà láyé, orúnkún ń dùn mí, mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Nàgó, kó lè yé e. Mo ní, "Ìyá, èmi Dèbórà ni. Ọmọ yín sọ fún mi. Ó sọ ọ́ dáadáa." Rafíátù dúró lẹ́yìn mi títí mo fi dákẹ́, ó wá na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde.